Àwọn Ehoro Ẹ̀yìnkùlé Màmá

Màmá di ehoro náà mú ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ra á lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Ó ń kọ orin ìjọ lábẹ́nu. Bó bá kọrin díẹ̀, á ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. Èmi dúró tì í, mo gbé bàsíà dání. Mo mọ ohun tó kàn, síbẹ̀ ojú mi kì í tètè pa dé. Ọmọ odó balẹ̀ lẹ́yìn ọrùn ehoro náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbọ̀n, ó nà, ó dákẹ́. Nínú àwọn kéèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu pákó: gbì! gbì! gbì!

"Màmá, wọ́n gbọ́," ni mo wí.

"Wọ́n máa ń gbọ́," ló dáhùn, ó sì nawọ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn ọmọ tó ti sùn lọ ló ṣe máa ń bọ́ awọ ehoro. Á la ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀, á fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́, awọ náà á sì yọ lódindi, inú rẹ̀ á yí síta, funfun, tútù. Òórùn ẹ̀jẹ̀ tuntun kì í pẹ́ kó tó dàpọ̀ mọ́ òórùn koríko àti ìtọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, àti òórùn kànfọ̀ tó máa ń wà lára ìró Màmá.

Màmá kì í ṣe ẹbí wa. Ilé rẹ̀ ló kan tiwa nínú kúlóòsì kan náà ní Festac, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì ń pè é ní Màmá. Ìgbà tí ọ̀dà ara àwọn ilé ìjọba ọ̀hún ṣì ń dán ni òun àti ọkọ rẹ̀ kó débẹ̀. Ọkọ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ti lọ sí Kánádà. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, ilẹ̀ sì ti máa ń ṣú kó tó dé. Nítorí náà, bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ń lọ. Aṣọ ọmọdé ló ń rán ní pálọ̀ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwa méjèèjì á gbé àpò lọ sétí kànáàlì láti já koríko àti ewé ọ̀dùnkún fún àwọn ehoro. Wọn ò pọ̀ nígbà yẹn. Màmá ń sìn wọ́n fún ọbẹ̀ ni. Bó bá pa ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí á jẹ níbẹ̀, tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, àwọn oníṣọ̀nà awọ sì ni aládùúgbò wọn, nítorí náà ó mọ bí a ṣe ń họ ọ̀rá kúrò lára awọ, bí a ṣe ń fi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù pa á kó má bàa jẹrà, bí a ṣe ń kàn án mọ́ pákó kó lè gbẹ láìká kò. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ ní Kánádà, ó fi awọ ehoro rán fìlà kékeré kan tó bo etí, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ tí kò tíì fojú rí. Fìlà yẹn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ pè. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé gbogbo nígbà náà, Màmá a sì máa gbé tirẹ̀ jìnnà sí etí bí ẹni pé yóò jó o, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni mo sì ń gbọ́.

"Mọ́mì, gbogbo èèyàn ló ń bi mí níbo ni mo ti ra fìlà yẹn! Òtútù ibí ò dáa. Ẹ bá mi rán sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rán bàtà ọmọ ọwọ́ mọ́ ọn. Tí ọjà yìí bá dúró, òun náà ló máa gbé yín wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ máa wá gbé ọmọ yín pọ̀n."

Màmá jó. Nínú pálọ̀ rẹ̀, láìsí orin, ó jó yí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ká. Ó mú fìlà tó ń rán lọ́wọ́, ó fi dé mi lórí nínú ooru ọ̀sán, òógùn dà bò mí lójú, a rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo rántí bí irun yẹn ṣe rí lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Ó múlọ́. Mi ò fẹ́ ṣí i.

Kò pẹ́ tí káfíńtà fi wá kan kéèjì tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, tí ẹ̀yìnkùlé kún. Ehoro kì í fọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ṣeré. Kí á tó ṣẹ́jú, wọ́n ti pọ̀ sí i. Màmá kò dúró di ọjọ́ ọbẹ̀ mọ́ kó tó pa wọ́n. Ọjọ́ tí awọ bá tó ló ń pa á. Àwọn pákó tí a kan awọ mọ́ tò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ibi tí a ń sá aṣọ, gbogbo awọ náà na apá bí ẹni tí wọ́n ní kó na ọwọ́ sókè.

Ẹran ni ìṣòro. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo kúlóòsì ló ń yọ̀. Ìyá mi a gbé ike wá, á ní, "Màmá, ẹ ṣeun o, Olúwa á bù kún yín." Nígbà tó yá, ehoro lánàá, ehoro lónìí, ehoro nínú jọ̀lọ́ọ̀fù, ehoro nínú ẹ̀fọ́. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rí Màmá tó ń gbé abọ́ bọ̀, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ní dókítà ní kí òun dín ẹran kù. Òmíràn ní ọmọ òun sọ pé ehoro jọ ológbò. Ìyá mi pàápàá sọ fún mi pé, "Tí Màmá bá tún fẹ́ fún wa lẹ́ran, sọ fún un pé fíríísà wa ti kún." Fíríísà wa ò kún.

Ti Màmá ló kún. Òun ló kún títí ìdérí rẹ̀ kò fi pa dé dáadáa mọ́, tí a gbé òkúta lé e. Lọ́sẹ̀ yẹn ni tìráńsífọ́mà àdúgbò bú gbàmù, ni iná bá lọ fún gbogbo wa. Màmá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ tì í fún ìwọ̀nba ìgbà, òun náà bá dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ti ilé ìwé dé tí mo gbóòórùn náà láti ẹnu géètì kúlóòsì. Màmá ti kó ẹran jáde sínú bàsíà àti báàgì ìrẹsì. Omi pupa ń ṣàn láti ìdí fíríísà lọ sí ẹnu ọ̀nà. Eṣinṣin bo gbogbo rẹ̀. Ó na ṣọ́bìrì kékeré sí mi. A gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé títí omi fi ń sun nínú kòtò, nítorí ilẹ̀ Festac kò jìnnà sí omi. Ibẹ̀ ni a kó wọn sí. Kòtò náà ò gbà wọ́n tán. A tún gbẹ́ òmíràn. Ajá àdúgbò dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń wò wá.

Nígbà tí a parí, Màmá fọ ọwọ́. Ó jókòó, ó dìde, ó tún lọ fọ ọwọ́. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.

"Tí bàbá mi bá rí èyí," ló wí, kò tilẹ̀ wojú mi. "Ọdẹ tó bá pa ẹran tó jẹ́ kó jẹrà sínú igbó, wọn kì í jẹ́ kó bá wọn jókòó. Wọ́n á ní ó ń fi ẹ̀mí ṣeré."

Mo ní ìbéèrè kan tó ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ìgbà pípẹ́. Mo bi í pé, "Màmá, ṣé ehoro mọ̀ bóyá a fẹ́ jẹ òun ni tàbí a fẹ́ wọ òun?"

Ó wò mí. Mo rò pé yóò bá mi wí.

"Kò mọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bákan náà ni ọmọ odó ṣe ń dùn ún."

Láti ọjọ́ yẹn, ara Màmá kò balẹ̀ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rán fìlà, á tú u, á tún rán an. Á gbé kéèjì kúrò níbi kan sí ibòmíràn, á gbé e padà. Àwọn ehoro náà ò sinmi. Bó bá ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé báyìí, ìró ẹsẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀, gbì! gbì! láti kéèjì dé kéèjì, yálà ó mú ọmọ odó dání tàbí koríko ló kó wá. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ níbi tí kò sí. Olùkọ́ á fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó, ìdí mi á gbéra lórí àga.

Ọmọ rẹ̀ pè láti béèrè ọjà. Òtútù ti sún mọ́lé lọ́dọ̀ wọn, ọmọ náà sì ti gba iṣẹ́ fìlà rírán lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá sọ fún un nípa ẹran tó jẹrà.

"Mọ́mì, ẹ ra fíríísà ńlá. Tàbí kí ẹ kàn máa da ẹran nù. Awọ ni wọ́n ń rà."

"Da kí ni nù?"

"Mọ́mì, ẹran ni. Ṣebí ẹ ti ń pa á tẹ́lẹ̀?"

"Mo ń pa á jẹ ni."

"Ó ti kú náà ni. Kí ni ìyàtọ̀?"

Màmá gbé fóònù náà wálẹ̀ díẹ̀, ó tún gbé e sókè. "Tí mo bá mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, ṣé mi ò ní máa sùn ni?"

Síbẹ̀ ó gbà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Àwòrán ọmọ náà wà lára máṣíìnì rẹ̀, ó ti ń hu eyín. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni a ó pa wọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ó ti pọ́n ọ̀bẹ, mo ti gbé bàsíà. Ó ṣí kéèjì àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ wọlé, ó sì dúró. Abo ehoro aláwọ̀ eérú kan ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí yóò bímọ ti pé. Ó ń fi eyín tu irun àyà ara rẹ̀. Á tu ẹnu kan, á gbé e lọ sí igun kéèjì, á tẹ́ ẹ lórí koríko fún àwọn ọmọ tó fẹ́ bí, á padà wá tu òmíràn. Àyà rẹ̀ ti ń hàn, pupa, tín-ín-rín. Kò dá wa lóhùn. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kò fi ẹsẹ̀ lu pákó.

Màmá ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń sin ehoro tí kì í rí i. Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú kéèjì, títí oòrùn fi dé orí wa.

"Awọ èyí ò ṣe é lò mọ́," ni mo wí, nítorí mo ti kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa.

"Dákẹ́," ló wí. Lẹ́yìn náà ló rọra ti ilẹ̀kùn kéèjì. "Wọlé lọ gbé fóònù mi wá."

Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò ṣe é mọ́. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó sunkún. Ó ní òun ti gba iṣẹ́ èèyàn, ó ní ojú ti òun. Ó ní, "Ṣé ehoro ló wá ṣe pàtàkì sí yín ju èmi lọ?" Màmá ní, "Rárá o," ó sì ń sunkún, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Ìlà fóònù ti já kí Màmá tó sọ ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀.

Ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ehoro náà fún àwọn tó ń sìn ín káàkiri Àmúwo àti Satellite Town. Àwọn awọ tó ti gbẹ, ó so wọ́n pọ̀ di bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ó ní ẹ̀mí tó ti lọ kò gbọdọ̀ lọ lásán. Ó fi ránṣẹ́ sí Kánádà. Ọmọ rẹ̀ ò pè láti sọ pé ó dé. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò parí, fóònù náà wà lórí máṣíìnì, Màmá a máa gbé e wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Abo ehoro yẹn àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kù lẹ́yìnkùlé. Ó ń pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọbẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́ dé egungun. Ṣùgbọ́n kò kọrin sí wọn mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní orin náà ti ń tan òun jẹ.

Mo ti wà ní yunifásítì kí ọmọ rẹ̀ tó wálé, òun àti ọmọdébìnrin gíga kan tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Màmá ti darúgbó, ó jókòó sí ìta pálọ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú láàárọ̀, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí di alẹ́. Ìyá ọmọ náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àbúrò, ojú wa rí nǹkan lọ́dún yẹn o. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá Mọ́mì jàre." Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá kú.

Mò ń gbé ní Àmúwo báyìí. Mò ń jẹ ẹran, mò ń wọ bàtà awọ, mi ò sì lè dúró kí n máa wàásù fún ẹnikẹ́ni. Lóṣù tó kọjá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan láti ra jákẹ́ẹ̀tì fún ọ̀rẹ́ mi tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n fi irun yí ọrùn ọ̀kan ká. Ọwọ́ mi ti wọ inú irun náà, ó ti ń ra á lọ ra á bọ̀, kí n tó rántí béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹran wo nìyí?"

Ọmọbìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹran kọ́ o. Rọ́bà ni."

Àyà mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi, bó ṣe gbọ́ pé rọ́bà ni, kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Mo dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù náà, mo ń wo ọwọ́ ara mi.