Oko Bàbá Jímọ́ọ̀ Nínú Fọ́tò

Ní nǹkan bí ọdún 1973, bí ènìyàn bá dé ẹ̀bá ọjà Ìpàta tó ní òun fẹ́ ya fọ́tò tí yóò mú òun rẹwà ju bí Ọlọ́run ti dá òun lọ, ọ̀dọ̀ Yísà ni wọ́n ń júwe fún un. Pẹ́ńsùlù ṣóńṣó kan wà lọ́wọ́ Yísà tó fi ń tún ojú oníbàárà ṣe lára fíìmù. Àpá á pòórá, ojú tó hunjọ á jọ̀lọ̀, ìyá àgbà á di ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Bàbá rẹ̀, Jímọ́ọ̀, kò ka èyí sí iṣẹ́. Àgbẹ̀ ni lẹ́bàá Malete, Yísà nìkan sì ni ọmọkùnrin tó bí. Nígbà tí Yísà ń fi oko sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Bàbá ní, "Èmi ò rí ọjà kankan níbi tí ò ń lọ." Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, bàbá kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà kò fẹsẹ̀ kan oko.

Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ bàbá kọ̀, kò lè rìn mọ́. Yísà gbé e wá sílé. Hàlímọ̀tù, ìyàwó Yísà, ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ jẹun. Oko tó fi sílẹ̀ fún Sàní, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fẹ́ fojú kàn kó tó kú, mọ́tò ò sì dé ibẹ̀. Yísà ní bí kámẹ́rà òun ò bá lè gbé oko wá bá a, kò wúlò.

Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó débẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó kojú oko, ó yà á bí ẹni tó fẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù. Nígbà tó délé, ọwọ́ rẹ̀ ò gbélẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù tún gbogbo ibi tó rí gbágungbàgun ṣe. Bàbá yí fọ́tò náà síwá sẹ́yìn.

"Pápá bọ́ọ̀lù ta nìyí?"

Ó dun Yísà wọra. Ó mú fọ́tò náà padà tọ Sàní lọ.

Sàní rẹ́rìn-ín títí. "O ti fá oko lórí. Ebè ò ní òjìji lọ́sàn-án, ọmọ mi. Sùn síbí. Tó bá dàárọ̀, lọ sí ìdí mángòrò yẹn, ibẹ̀ ni bàbá ẹ máa ń jókòó wo iṣẹ́ ẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Yísà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí mángòrò, ó ń dúró. Oòrùn yọ láti ẹ̀gbẹ́, ebè kọ̀ọ̀kan sì na òjìji tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gán ńlá kan dúró láàárín wọn. Yísà tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó fọ̀ ọ́ nílé, kò fi pẹ́ńsùlù kàn án.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gba fọ́tò yìí. Ìka rẹ̀ ń ti orí ebè kan bọ́ sí òmíràn.

"Ọ̀gán mi rèé. Ọkọ́ mẹ́ta ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ó gbójú sókè. "Níbo lo wà tó o fi rí i báyìí?"

"Ìdí mángòrò, Bàbá. Mo jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó, lẹ́yìn Àsùbáà."

Oríkì tí Bàbá kò fi pe Yísà láti ọdún mẹ́wàá ló fi pè é.

"Àlàbí, o pàpà wá sí oko. Àlùhámúdù lílàhì."

Yísà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Sàní nínú ọkàn rẹ̀. Bàbá kò gbé fọ́tò náà sílẹ̀. Ó ní kí Hàlímọ̀tù gbé oúnjẹ òun wá.