Iná Katakata Níwájú Ilé Wa

Òórùn bẹ́líìtì gbígbóná nílé ìlọta máa ń gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Lafiaji. Bàbá mi ń tún katakata ògbólógbòó kan ṣe níwájú ilé: bẹ́líìtì dáínámò rẹ̀ ti dẹ̀, bátìrì ò gba iná. Màmá wà ní yàrá pẹ̀lú agbẹ̀bí.

Bàbá fa bẹ́líìtì le, ó ṣáná sí i.

"Àṣàkẹ́, máa wo iná iwájú yìí. Tó bá mọ́lẹ̀ sí i, pè mí."

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, iná tàn yòò.

"Bàbá, ó ti mọ́lẹ̀!"

"Ṣáà máa wò ó." Kò pa á.

Mo di abiyamọ kí n tó mọ̀ pé igbe Màmá ló ń fi ariwo yẹn bò.

Agbẹ̀bí yọjú. "Bàbá Àṣàkẹ́, ọkùnrin ni o! Ẹ pa nǹkan yẹn, ọmọ fẹ́ sùn."

Lọ́jọ́ yẹn, mo gbà pé iná tí mo ṣọ́ ni àbúrò mi fi rọ́nà wálé.