Bàbá Tó Tú Ẹ́ńjìnnì Mi Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ọlọ́ṣà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ èyí.

Ata ni mò ń tà. Ọ̀yọ́ ni ilé ọkọ mi, ṣùgbọ́n oko Ìrẹsà ni mo ti ń ra ata, ibẹ̀ náà ni ìyá mi ń gbé. Píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ́ẹ̀lì kan ni mo fi ń kó o. Ó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, ẹni tó tà á fún mi sì ti yí tọ́bò náà kó máa fẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣe é wá lọ. Háà, ẹ wá wo mọ́tò! Kó rù dẹ́nu, kó kọjú sí òkè, eré náà ni yóò máa sá.

Agbára yẹn náà ló ń jẹ gásíkẹ́ẹ̀tì. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí iná ráyè jáde, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé. Ó jó, a pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Ìgbà tó jó kẹ́yìn yìí, ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti dá ọjọ́ Mọ́ńdè fún iṣẹ́ abẹ ìbàdí ìyá mi, ọjọ́ tí a ti ń retí tipẹ́. Ìyá mi ò lè jókòó sórí ọ̀kadà, òjò sì ti ba ọ̀nà oko jẹ́ débi pé ọkọ̀ kékeré ò lè wọ ibẹ̀. Bí píkọ́ọ̀pù mi ò bá dìde, ìyá mi ò ní kúrò lórí ẹní.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mẹkáníìkì mi wà, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í fi ìrun ṣeré. Wọn ò jẹ́ kí n ra gásíkẹ́ẹ̀tì oníbébà tí gbogbo ayé ń rà.

"Ìyẹn ò lè dúró níwájú tọ́bò tìrẹ," ni wọ́n wí. "Oníkọ́pà wà, àmọ́ omi máa ń jò lára ẹ̀. Onírin ni kó o rà, èyí tí wọ́n to irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn."

"Bàbá, ṣé kí ẹ kúkú dín tọ́bò yẹn kù?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o fẹ́ràn eré báyìí? Kí oṣù tó parí wàá ní kí n dá a padà!" Mo lọ ra onírin.

Onírin ò fẹ́ ojú tó rí gbágungbàgun. Bàbá tú ẹ́ńjìnnì, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ó fá a, ó dán. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá o, gbígbẹ ni kí wọ́n fi í síbẹ̀. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù sí i rárá, kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ irin." Gọ́ọ̀mù yìí kì í wọ́n lọ́wọ́ mẹkáníìkì wa, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í fi í yí lẹ́nu. Mo jíṣẹ́. Bàbá ní, "Ṣé ó rò pé mi ò mọ̀ ni?"

Ní ọ̀sán Sátidé, mo dé, ẹ́ńjìnnì ń dún, ó dùn létí. Mo ti wọnú ọkọ̀ jókòó, mo ti ń kí wọn kú iṣẹ́, ni Bàbá bá wá dúró síwájú mọ́tò.

"Pa á, ọmọ mi. Mo ti fi gọ́ọ̀mù sí i."

Wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun alásàrí ni, omi ò sì kan ìka wọn nítorí gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti ń ha á kúrò ni wọ́n ti rántí. Ọwọ́ wọn ló lọ ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe.

Orí mi gbóná. Mo ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí ni? Ṣé mi ò jíṣẹ́ ni? Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀!"

"Ó lè gbé ẹ dé Ìrẹsà," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ibi tí ìyá ẹ máa wà nígbà tó bá jó ni mi ò mọ̀."

Mo pa ẹ́ńjìnnì náà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Tọ́bò ni ǹ bá ṣépè fún. Onírin ò sì ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà Bàbá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n ra òmíràn bọ̀. Ní Sọ́ńdè mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń na sípánà sí wọn, wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń dè é láti àárín bọ̀ wá sí etí, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó gbé orí rẹ̀ lé e, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún mi. "Wò ó dáadáa. Kò sí gọ́ọ̀mù."

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ìyá mi. A kúrò nínú ẹrẹ̀, a gun òkè, ooru ẹ́ńjìnnì ò lọ sókè rárá. Ìyá mi ní, "Kí lò ń tẹ́tí sí bẹ́ẹ̀? Ìwọ náà!"

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ìyá mi ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn báyìí, wọ́n sì tún ti ń bá mi jà lórí ata. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ìgbà tí mo pe Bàbá láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn láti ọgbà ilé ìwòsàn. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀: kò jo omi, kò yọ èéfín, ó gun òkè.

"Bàbá, a ti dé o."

"Àlùhámúdù lílàáhì! Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbà wọ́n wọlé? Ṣé ìbàdí ò dùn wọ́n jù lójú ọ̀nà?"

Wọn ò bi mí léèrè ẹ́ńjìnnì. Mo lóṣòó ti ògiri, ẹkún gbọ̀n mí, mi ò lè sọ ju "Ẹ ṣé" lọ, Bàbá sì ń pariwo nínú fóònù, "Dá mi lóhùn jàre! Ìyá ńkọ́?"