Ológbò Tí Mo Mú Kúrò ní Ìgbàrà-Odò

Òórùn kan wà tí mi ò gbọ́ níbòmíràn rí àfi ní Ìkẹ́rẹ́: òórùn òkúta tí oòrùn ti yan fún bí oṣù mẹ́ta, tí òjò àkọ́kọ́ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lára. Ìwọ náà gbé ibẹ̀ rí, o mọ ohun tí mò ń wí. Èéfín tín-ín-rín a máa yọ lára àpáta Olósùnta, gbogbo ẹ̀yìn ilé àwa olùkọ́ a sì máa rùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun tí wọ́n da omi sí. Ọ̀sẹ̀ tí irú òjò bẹ́ẹ̀ rọ̀ ni ejò kan jáde láti abẹ́ òkúta, tó sì ṣán ọ̀kan nínú ológbò méjì tí òyìnbó obìnrin aládùúgbò mi ń sìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà, nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun ṣì ń wu èèyàn í wò. Èmi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Olùkọ́ kékeré ni mí ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Faransé nílé ẹ̀kọ́ gíga tó wà níbẹ̀, òyìnbó yìí sì ni ọ̀gá mi. Màdáámù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ. Ológbò méjì náà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan, aláwọ̀ eérú, onírun gígùn, ló gbé dání láti ìlú rẹ̀ wá nínú àpótí oníhò. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò kọ lẹ́tà sí yunifásítì kan lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n lè gbà mí fún ọdún kan. Mo ń fi lẹ́tà yẹn sùn, mo ń fi jí.

Nígbà tí ọ̀kan kú, èkejì tó ń jẹ́ Minù kò jẹun mọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá tí àwọn méjèèjì máa ń sùn ló ń jókòó sí, á máa ké, ohùn tí ò ga, tí ò sì dákẹ́. Màdáámù yóò se ẹja láìfi iyọ̀, láìfi ata, gbogbo kíṣìnnì tèmi náà yóò máa rùn, Minù ò ní wo ojú àwo. Ó ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko láti Àkúrẹ́. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀, àárò ìkejì rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Màdáámù bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní fàráńdà.

Ó ní, "Ológbò mìíràn ló nílò. Èyí tí kò lẹ́ni, tí ìyà ń jẹ, ni kí o bá mi wá. Kí àwa náà lè gba òun là."

Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ológbò wà fún eku, ta ló ń wádìí bóyá ìyà ń jẹ ẹ́? Ṣùgbọ́n kíá ni mo dáhùn pé mo mọ ọ̀kan. Kò ní kí n yára bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń sáré kó lè rí mi bí ẹni tó wúlò.

Ológbò tí mo ní lọ́kàn wà ní Ìgbàrà-Odò, nílé kejì sí ilé ìyá mi. Opó kan ló ni ín, arúgbó tó ń dá gbé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní màmá àgbà. Oko kòkó ọkọ rẹ̀ ti di tàwọn ẹbí ọkọ, ohun tó kù fún un ni ẹ̀gẹ́ díẹ̀ àti uṣu díẹ̀, bí òun ṣe máa ń pè é, nítorí kò yí ohùn Èkìtì rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Bánjókòó ló sọ ológbò náà. Márùn-ún ni ìyá rẹ̀ bí, mẹ́rin kú, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Ìyá mi ti sọ fún mi nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn pé ó jí ẹran nínú ìkòkò ọkùnrin aládùúgbò kan, ọkùnrin náà sì ń pariwo pé òun máa fi májèlé pa á, pé igbe rẹ̀ lórí òrùlé ò dáa. Ìyá mi rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Mi ò sọ ìyẹn fún Màdáámù. Ohun tí mo sọ ni pé wọ́n fẹ́ pa ológbò kan, àti pé tá ò bá yára, wọ́n á pa á.

Mo lọ ní ọjọ́ Sátidé. Mo bá màmá àgbà níwájú ilé rẹ̀ tó ń gé ẹ̀gẹ́, ológbò náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ tó ya so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ológbò pupa ni, egungun ìhà rẹ̀ hàn díẹ̀, etí rẹ̀ kan ya. Bí mo ṣe rí ìdè yẹn, inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo wí lọ́kàn mi pé ìyà tí Màdáámù ń sọ gan-an nìyí.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ so ó?"

"Kí ó má baà lọ sí ulé ẹni tí ń bínú sí i," ló wí. "T'ílẹ̀ bá ṣú, mo máa tú u. Orí ẹní mi l'ó ń sùn."

Mo gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, mo sì rékọjá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òyìnbó ṣe máa ń tọ́jú ológbò, ẹja lójoojúmọ́, mílíìkì, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní jù ú ní òkúta. Mo sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, ó wo ọwọ́ mi, ó wo bàtà mi, ó wá ní, "Ṣé n óò máa rí i?"

"Ẹ óò máa rí i, Ìyá. N óò máa mú un wá. Ẹ̀yin náà sì lè wá wò ó."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ya etí ìró tó ró, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó lè máa gbọ́ òórùn òun títí á fi mọlé. Ológbò náà ò ké. Nínú takisí títí dé Ìkẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ni mo ń rí láàárín ihò apẹ̀rẹ̀, ó ń wò mí.

Mi ò lè sọ pé ohun tó tẹ̀lé e kò dára, torí ó dára. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn ológbò méjì náà fi ń bá ara wọn jà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí Minù ń ṣe hàà, tí ti màmá àgbà ń gbé ẹ̀yìn sókè bí ọrun. Lọ́jọ́ kẹjọ Minù jẹun nínú àwo èkejì. Kí oṣù tó parí, wọ́n ń sùn lórí àga kan náà, eérú àti pupa, orí ọ̀kan lórí ikùn èkejì. Màdáámù ò lè pe Bánjókòó, Bánjò ló ń pè é, ó sì máa ń dì mọ́ mi níwájú àwọn olùkọ́ yòókù pé èmi ni mo gba ẹ̀mí ológbò méjì là. Ó kọ lẹ́tà mi. Mi ò mú ológbò náà lọ sí Ìgbàrà-Odò rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mo ní kó mọlé ná. Lẹ́yìn ìyẹn ìdánwò dé. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò wá àwáwí mọ́.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, ara Màdáámù ò yá, wọ́n sì ránṣẹ́ láti ìlú rẹ̀ pé kó máa bọ̀ nílé. Ìwé ìrìnnà ológbò méjèèjì ló ń kọ lọ́wọ́ nígbà tó pè mí wọlé, ó ní, "Ẹni tó ni Bánjò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní wá a?"

Ó gbé bírò rẹ̀ sókè, ó ń dúró de èsì. Ká ní mo sọ òótọ́, mo mọ obìnrin yẹn, ìbá bá mi lọ sí Ìgbàrà-Odò lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Kò lẹ́ni kankan, Màdáámù." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n lọ. Wọ́n ti ilé náà pa. Kò pé oṣù kan tí mo rí màmá àgbà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gòkè bọ̀ láti ẹnu géètì, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹja gbígbẹ tó fi ewé wé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ méjì ló wọ̀. Ó ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

"Mo ní kí n wá wò ó," ló wí. "Èwo ni ulé òyìnbó?"

Mo nawọ́ sí i. Kí ó tó béèrè ohun mìíràn, ẹnu mi ti sọ pé òyìnbó rìnrìn àjò, pé ológbò jáde lọ sẹ́yìn òkúta, pé yóò dé. Ó ní ó dáa. Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n tì pa, ó gbé ẹja sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ tó ń sùn. "Bánjókòó. Bánjókòó o."

Mo ní iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, mo lọ. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ibẹ̀ ló wà. Oòrùn ti yí, òun náà ti sún ìdí sí ibi tí òjìji wà. Mo gbé ìrẹsì fún un, ó jẹ díẹ̀, ó dúpẹ́. Mo tún lọ sí kíláàsì, mo kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti kọjá lédè Faransé, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ́. Nígbà tó di bí aago márùn-ún, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí ọkọ̀ má baà tán. Mo sìn ín dé gáréèjì. Bó ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀, ó gbé ẹja náà lé mi lọ́wọ́.

"T'ó bá dé, wí fún un pé mo wá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹja yẹn fi wà lórí tábìlì mi. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè sọ ọ́ nù. Ní ìkẹyìn, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn kíṣìnnì, mo bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lẹ́tà Màdáámù dé. Ó fi fọ́tò kan sí i, àwọn ológbò méjèèjì dùbúlẹ̀ lójú fèrèsé, yìnyín funfun wà níta. Mo mú fọ́tò náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbàrà-Odò. Mi ò yà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni mo lọ tààrà, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ májèlé títí dé ohun tí mo sọ tí òyìnbó kọ sílẹ̀. Ó gba fọ́tò náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ó sanra," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni èyí tí ń fẹ̀yìn tì í?"

"Ológbò òyìnbó ni, Ìyá. Òun ni mo torí ẹ̀ wá mú un."

"Kò dá wà, nígbà náà. Ó dáa."

Mo ń sunkún. Ó ní òun ti mọ̀ lọ́jọ́ tí òun wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ó ní ilé tí ológbò bá ń gbé, èèyàn á rí àwo oúnjẹ rẹ̀, á rí irun rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju eruku lọ. Kí oòrùn tó mú, òun ti mọ̀ pé urọ́ ni mò ń pa.

Mo bi í pé, "Kí ló wá dé tí ẹ jókòó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Ìwọ ni mò ń dúró dè," ló wí. "Mo ní bóyá o óò wá wí fún mi."

Ó dárí jì mí, ó sì ní kí n dìde. Lẹ́tà tí Màdáámù kọ kò mú mi dé ibì kankan, yunifásítì náà ò gbà mí, mi ò sì ka ìyẹn sí ìyà. Ohun tí kò tíì kúrò lára mi ni ọjọ́ yẹn, pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọjá níwájú arúgbó kan tó fún mi láyè láti ṣe ohun tó tọ́, láti àárọ̀ títí di aago márùn-ún, ìrẹsì ni mo sì gbé fún un. Fún ọdún púpọ̀, mo rò pé irọ́ tí mo pa ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ti wà kí irọ́ tó dé. Nígbà tí Minù ò jẹun, gbogbo wa sáré, a pe dókítà, a wádìí ohun tó ń dùn ún. Mo jókòó ti màmá àgbà fún wákàtí kan níwájú ilé rẹ̀, mo sọ fún un nípa mílíìkì àti abẹ́rẹ́, kò sì sọ sí mi lọ́kàn láti bi í pé tí mo bá mú ológbò náà lọ, ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé.