Ẹ̀rí Tí Wọ́n Fẹ́ Fipá Gbà Lẹ́nu Àbúrò Mi

Wọ́n ní kí n gbàgbé. Ìyá mi ló máa ń sọ ọ́ jù. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti yọjú nílé, á ní ó ti pẹ́, pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ kúkú ti di abiyamọ, kí ni mo tún ń wá kiri. Mi ò gbàgbé. Mo rántí ẹni tó ṣe é, mo rántí ibi tó dúró sí nígbà tó ń ṣe é, mo sì fẹ́ sọ ọ́ létòlétò kó má baà jẹ́ pé ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni yóò ṣẹ́ kù.

Àwọn ọdún tí ìjọba ò rí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ san ni. Bàbá mi ṣì ń múra lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàka láràárọ̀, á jókòó ti tábìlì rẹ̀, á sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, èmi náà wà nílé ní Àkúrẹ́, mò ń pọn omi, mò ń ka ìwé tí mi ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò bi mí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́sọ́nà àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mò ń kọ́. Àbúrò mi obìnrin, tó tẹ̀lé mi, wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ tó ń darí àdúrà òwúrọ̀ nawọ́ sí i pé kó wá ka Bíbélì níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó kà á dé àárín, ohùn rẹ̀ há. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí àgbàlagbà tó ní làákàyè yóò ṣe ni pé kó gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀, kó kà á parí. Olùkọ́ yìí ní kí gbogbo ilé-ìwé pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tún ní kó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí wọn yóò fi parí iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ohùn rẹ̀ lè rí àyè là. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde fún ìsinmi ọ̀sán, ó ti ní orúkọ tuntun. "Réèdíò," wọ́n á ní, "ṣé bátìrì ti tán ni?" Ọmọ kan á wá máa yí i létí bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ réèdíò tó ń sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ di ogun nílé wa. Tó bá ti wọ aṣọ ilé-ìwé, á bi gbogbo ohun tó jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù, á máa mí gúlegúle, á ní ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé òun láyà. Oorun ò kùn ún mọ́. Ó pa ẹ̀rín tì. Àwọn ìwé tó ti máa ń já gbà lọ́wọ́ mi kà, kò wo ibi tí wọ́n wà mọ́.

Mo lọ sí ilé-ìwé náà. Ọ̀gá wọn, obìnrin, ní ọ̀lẹ ni, pé ọmọ tí kò bá fẹ́ kàwé ló máa ń rí àìsàn láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo béèrè olùtọ́sọ́nà ilé-ìwé, ẹni tó yẹ kó máa gbọ́ ìṣòro àwọn ọmọ, nítorí mo rí pátákó rẹ̀ lára ilẹ̀kùn kan. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Mo yọjú lójú fèrèsé: àga tó kán àti àwọ̀n bọ́ọ̀lù ni wọ́n kó síbẹ̀. Ọ̀gá ní olùtọ́sọ́nà ń bẹ o, ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ló ń kọ́ wọn, torí pé olùkọ́ ò tó.

Ìyá mi ní táífọ́ọ̀dù ni. Ní Àkúrẹ́ nígbà náà, kò sí ohun tí kì í ṣe táífọ́ọ̀dù. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa gún un lábẹ́rẹ́, ó tún gún un. Nígbà tó yá, a gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò yẹ ọmọ wò. Kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ilé-ìwé. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

Gbólóhùn yìí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lójú dókítà, ó túmọ̀ sí pé kí a máa lọ sílé. Lójú ìyá mi, bó ṣe rí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn wa, ó túmọ̀ sí pé àìsàn tí ẹ̀rọ òyìnbó ò bá rí kì í ṣe ojú lásán. A ò ya ilé. Láti ọsibítù, ṣọ́ọ̀ṣì tààrà.

Pásítọ̀ wa fi í sínú ààwẹ̀. Ọmọ tí oúnjẹ ò dúró nínú rẹ̀ ni wọ́n ní kó má jẹun. Ó bi í bóyá ó máa ń rí omi lójú àlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: lọ́dún tí ẹ̀rọ omi ò yọ káàkiri ìlú, tí àwa ọmọ ilé ń gbé kẹ́ẹ̀gì láti Ìjọ̀kà dé Òkè-Àró, ta ni kì í rí omi lójú àlá? Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni, òun máa ń rí i. Kí ló tún kù? Wọ́n ní ó wà nínú ẹgbẹ́ abẹ́ omi, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló di ohùn rẹ̀ mú, pé òun ni wọ́n ń lò láti fi da ilé bàbá rẹ̀ rú, pé òun ló fà á tí owó oṣù bàbá rẹ̀ ò fi jáde. Owó oṣù gbogbo ìpínlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ tí a tibẹ̀ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, kò wọlé. Ó ní, "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rí lóòótọ́, ṣé ẹ ó ṣì jẹ́ kí n máa sùn tì yín?"

Ọmọ tó ń bẹ̀rù èèyàn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ kó máa bẹ̀rù ara rẹ̀. Mo fà á wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé tí mi ò bá gbé e kúrò láàárín wọn, ìdánwò àṣekágbá kọ́ la ó pàdánù, ọmọ fúnra rẹ̀ ni.

Mo sọ fún àwọn òbí wa pé ìyá ìyá wa ní Oǹdó nílò ẹni tí yóò bá òun sá kòkó, a sì lọ. Kòkó tí wọ́n kó wá láti oko lọ́nà Bọ́lọ́rundúró wà lórí ẹní níwájú ilé. Iṣẹ́ àbúrò mi ni kó máa fi ẹsẹ̀ tú u nínú oòrùn, kó máa lọ kó máa bọ̀. Mo ní kó máa ka ìwé lítíréṣọ̀ rẹ̀ sókè bó ṣe ń rìn. Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tó mọ́ ọn lára, ìyá àgbà gbé àpótí wá sí tòsí, ó ń pa ẹ̀pà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, èdè Oǹdó ló fi ń bú ewúrẹ́ aládùúgbò bí ìwé ṣe ń lọ. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀, obìnrin ilé kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gbọ́. Tí àyà àbúrò mi bá ń lù, mo ní kó má bá a jà. Kó dúró, kó fa atẹ́gùn símú díẹ̀díẹ̀, kó sì fẹ́ ẹ jáde jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná. Mo ṣàlàyé fún un pé ara rẹ̀ ló rò pé ewu ń bọ̀, tó fẹ́ gbà á sílẹ̀, pé ó kàn ṣì í rò ni, kò sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ ilé-ìwé àyàfi tí òun bá dá a sílẹ̀. Ilé-ìwé náà ò kúkú rán ẹnikẹ́ni wá béèrè ibi tó wọlé sí.

Ohun tí mo ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí idán níbẹ̀. Ìwé tí mo kà ní ọdún kejì ní yunifásítì ni. Olùtọ́sọ́nà ilé-ìwé wọn kà á pẹ̀lú, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi fo ìlà kan, ohùn rẹ̀ há. Obìnrin ilé kejì ń wò ó. Ó dúró láàárín kòkó, ó mí, ó padà sórí ìlà náà, ó kà á. Ìyá àgbà ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń bá wí.

Ìdánwò ti sún mọ́lé nígbà tí ìyá mi wá mú wa. Ó bá a níbi tó ti ń kàwé. Ó sunkún, ó dì mọ́ ọn, inú tèmi náà sì dùn. Kí a tó dé Ọ̀wẹnà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ó ti ń kọrin ọpẹ́ nínú mọ́tò, ó ti sọ fún àwọn tó jókòó tì wá pé ọmọ òun yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n gbà pé ìwòsàn tí èèyàn ò bá jẹ́rìí rẹ̀ níwájú ìjọ, ọ̀tá máa ń gbà á padà. Ẹni tó bímọ, ẹni tó yege, ẹni tó bọ́ nínú jàǹbá mọ́tò, gbogbo wọn ló ń gba makirofóònù. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé iwájú èrò gan-an ni àìsàn rẹ̀, ṣé iwájú èrò ni ó yẹ kó ti wá sọ pé ara òun ti yá? Mo bẹ ìyá mi ní Sátidé bó ṣe ń lọ aṣọ funfun. Mo ní kó jẹ́ kí ìdánwò kọ́kọ́ kọjá. Ó ní, "Kí Ọlọ́run ṣe é tán, kí n wá gbé e pamọ́ bí ẹrù olè? Tó bá padà ńkọ́? Ṣé ìwọ yunifásítì lo máa lé e lọ?"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pásítọ̀ fi makirofóònù sí àbúrò mi lọ́wọ́. Mímí rẹ̀ nìkan ni gbogbo ìjọ ń gbọ́ látinú ẹ̀rọ. "Ẹ yin Olúwa" tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, kò jáde. Pásítọ̀ ní kí a gbàdúrà, pé àwọn ẹgbẹ́ abẹ́ omi tún ti dì í mú. Àwọn èèyàn dìde. Ẹnì kan gbá a lórí mú, òmíràn ń mì í léjìká. Bó ṣe ń mí gúlegúle sí i ni ariwo wọn ń ga sí i.

Mo gòkè, mo gba makirofóònù. Mo ní, "Ọmọ yìí ò jẹ yín lẹ́rìí kankan. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀yin lẹ sì ń dẹ́rù bà á." Mo gbé makirofóònù sílẹ̀ lórí àga, mo di ọwọ́ àbúrò mi mú, a gba àárín ìjọ jáde.

Bàbá mi, tí kò sọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ló gbé owó oṣù rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi, rí ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ náà: ó ní mo ti le jù. Ìyá mi ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún pásítọ̀, pé mo ti dójú ti òun láàárín ẹgbẹ́ obìnrin. Àbúrò mi ń bì nínú yàrá. Nígbà tó ṣe, ó jáde wá, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Màámi," ó ní, "ẹ má gbé mi síwájú èèyàn mọ́. Tí ẹ bá tún gbé mi, mi ò ní lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò yẹn."

Ìyá mi ní, "Torí ìdánwò lo ṣe ń wò mí lójú sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà. Torí ara mi ni."

Ìyá mi wò ó. Kò tọrọ àforíjì. Títí di òní, kò tọrọ rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ wá mú ọmọ lọ fún àdúrà, ó dúró sí ẹnu géètì, ó ní ọmọ òun ń sùn. Àbúrò mi jókòó sí pálọ̀, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń gbọ́. Èmi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo padà sí ilé-ìwé rẹ̀, mo bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó bi mí bóyá ọsibítù ni òun ń ṣe. Wọ́n fi í sí àárín gbùngbùn.

Ó ṣe ìdánwò náà. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá tán. Wọ́n ti dá a padà sẹ́yìn, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan la sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó jáde nílé. Lọ́jọ́ pépà ìṣirò, ó ní àyà òun lù títí òun ò fi rí ohun tó wà nínú ìwé mọ́. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó dijú, ó fẹ́ atẹ́gùn jáde jẹ́jẹ́, ó tún fẹ́ ẹ, ó gbé bírò. Olùkọ́ tó ń ṣọ́ wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Èmi nìkan ló sọ fún, mo sì bi í kí n tó kọ ọ́ síbí. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun.