Iṣu Tí Mo Fi Ń Mọ Àsìkò Iná

Iṣu ni mo fi ń mọ àsìkò nígbà náà. Ilé ìwòsàn kékeré wa ní Idigny, lágbègbè Kétu, kò ní aago. Bí mo bá ti gbé ìkòkò abẹ́rẹ́ kaná, mo máa ń bẹ́ iṣu díẹ̀ sínú ìkòkò kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí iṣu bá rọ̀, abẹ́rẹ́ ti mọ́ nìyẹn. Àwọn aláìsàn a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé abẹ́rẹ́ wa ń rùn bí iṣu. Títí di òní, mo ṣì máa ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kọlu ara wọn nínú omi híhó, èéfín igi lójú mi, ìrì lórí koríko níta. N kò tún rí òwúrọ̀ tó dùn tó ìwọ̀nyẹn mọ́.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, tí òun náà ń pè wá ní kàmáráàdì bí ìjọba ṣe pàṣẹ, ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, òfin kan ló sì kọ́ mi: ohunkóhun tó bá máa wọ ara èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la iná kọjá. Mo gba òfin náà gbọ́ pátápátá.

Lọ́dún kan, wọ́n ní oògùn tí kì í jẹ́ kí èèyi mú ọmọdé ń bọ̀. Èèyi ti pa àkọ́bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Odòmẹ́ta, obìnrin náà kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kankan. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó gbà mí gbọ́. Ó gbà.

Lọ́jọ́ tí oògùn náà dé, alùpùpù dókítà ṣubú lọ́nà. Àpótí yìnyín ṣí, ẹrẹ̀ pupa bo àwọn ìgò oògùn. Ó ní kí n nù wọ́n, ó sì yára lọ kí délégé, ẹni tí ìjọba Ìyípadà fi ṣe olórí abúlé. Mo wo ẹrẹ̀ yẹn, mo rántí òfin. Mo kó gbogbo ìgò náà sínú ìkòkò, mo bẹ́ iṣu. Nígbà tí iṣu jinná, mo dá wọn padà sínú yìnyín tó ṣẹ́kù. Inú mi dùn.

Àwọn ìyá pé. Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé oògùn yìí kò dà bí àwọn yòókù: ohun ẹlẹ́mìí ni, oòrùn lásán tó láti pa á, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé e sínú yìnyín láti Kétu.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ń na abẹ́rẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ fún ara mi pé bóyá oògùn náà kò kú tán. Ọmọ mẹ́fà gbà á. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kàn. Ó sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ọkọ mi, mo ti dé o. Ṣé iṣu yín ti jinná?”

Mo di ọwọ́ dókítà mú. “Ẹ dúró. Mo ti sè é.”

“O se kí ni?”

“Oògùn náà, sà.”

Kò pariwo. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wo abẹ́ igi níbi tí àwọn ìyá tó ti gbà á jókòó sí. Méjì ti lọ.

“Àwọn yẹn ńkọ́, kàmáráàdì? Torí wọn kì í ṣe ará ilé rẹ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ìgò tó ṣẹ́kù kúrò nílẹ̀.

Oògùn mìíràn dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi fúnra mi ni mo fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà igbó, tí mo ń jẹ́wọ́ láti ilé dé ilé. Ìyá kan bú mi tẹ́rùn, ó sì tún fún mi lómi mu. Márùn-ún nínú àwọn ìyá mẹ́fà náà padà wá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì wá pẹ̀lú. Ẹnì kẹfà ni ìyá tó so òwú aró mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí mo dé abà tó ní òun ti wá, wọ́n ti kórè àgbàdo tán, wọ́n ti kó lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń sáré kiri báyìí. Bí mo bá rí ọmọ mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà Kétu, ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá màá rí òwú aró.