Vlastimir, Ọ̀tá Atẹ́gùn

Ní ìlú Zrenjanin, bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Vlastimir, ọjọ́ tí sáfà ilé iṣẹ́ wàrà, kọ̀ǹpútà ńlá wọn, kọ̀ tí kò jí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ljubinka nìkan ni kì í tètè rẹ́rìn-ín sí i, torí orí rẹ̀ ni ọ̀ràn náà ì bá fọ́ lé.

Ljubinka ni ọ̀gá ọ́fíìsì ní ilé iṣẹ́ wàrà náà. Òun ló bẹ ọ̀gá àgbà títí wọ́n fi ra ọpọlọ tuntun fún sáfà, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbé wàrà lọ.

"Ó dáa," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n bí wàrà bá bàjẹ́ nítorí ẹ̀, ìwọ lo máa mu ún tán."

Vlastimir ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ó yọ ọpọlọ àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn, ẹ̀rọ náà súfèé lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Ó tún un tẹ̀. Ó tún kú. Oòrùn oṣù Keje ń ràn sórí àwọn ọkọ̀ níta.

"Ljubinka!" awakọ̀ kan kígbe lójú fèrèsé. "Wàrà ò mọ kọ̀ǹpútà o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá ti àtijọ́ padà," ni Ljubinka wí. Vlastimir dá a padà. Ẹ̀rọ náà súfèé, ó kú.

"Ti tuntun kọ́ ló ṣe é nìyẹn. Kí lẹ tún fọwọ́ kàn?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Nǹkan kan rárá?"

"Rárá. Àfi fáànù yẹn."

"Fáànù wo?"

"Èyí tó wà lórí ọpọlọ. Mo ṣí ìdérí, mo tan ẹ̀rọ wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló bá ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Promaja! Atẹ́gùn burúkú, lẹ́yìn ọrùn, Ljubinka! Mo pa á, mo yọ wáyà fáànù. Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Ljubinka jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà mọ̀ pé fáànù òun ò yí, ó sì kọ̀ láti jí kí ọpọlọ òun má baà jóná. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kò lè ṣiṣẹ́ láìsí atẹ́gùn."

Vlastimir fi àánú wo ẹ̀rọ náà. "Kò ní ìyá ni," ló wí. "Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ."

Ó we ṣíkáàfù mọ́ ọrùn, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó na ọwọ́, ó ki wáyà náà bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ jí. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ lọ tán, wọ́n fi ọpọlọ tuntun sí i, ó tún jí. Ljubinka bu wàrà kún kọ́ọ̀bù, ó mu ún. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú un.

Gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rù promaja, atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé wọlé tó ń gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá kọ̀ọ̀kan ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ló ń fa ọrùn líle, etí ríro àti eyín dídùn. Àwọn yòókù bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ. Vlastimir gbógun tì í.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Novi Sad, sójà kan ṣí fèrèsé. Vlastimir tì í. Sójà ṣí i.

"Bàbá, ooru ń pa wá!"

"Ooru kì í pa èèyàn. Lọ bi àwọn tí promaja pa."

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí wọn?"

"O ò rí i?"

Ó tún lọ bá dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, nítorí ọrùn tó ń dùn ún. Dókítà ní atẹ́gùn kì í fa àìsàn. Vlastimir ò bá a jiyàn. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ìyá ẹ mọ̀ pé o máa ń sọ bẹ́ẹ̀?" Dókítà dìde, ó ti fèrèsé.

Àmọ́ kì í ṣe ọrùn tirẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́. Ní ọdún kan, òjò pa Ljubinka dé ibi iṣẹ́, ó sì jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú irun tútù. Ó gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Vlastimir ti wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin láti ìkángun kejì yàrá wá dí fèrèsé ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó padà sídìí iṣẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣì wà níbẹ̀.

Oṣù Kẹfà ló kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Dókítà yẹn kan náà ló sọ fún wọn. Àwọn awakọ̀ bi í bóyá fèrèsé ilé ṣí. Dókítà ní fèrèsé yẹn lòun kọ́kọ́ wò.

Ilé àdúrà ibi ìsìnkú kéré, èrò pọ̀, ooru mú. Àlùfáà ti ń ka àdúrà nígbà tí ẹnì kan ṣí fèrèsé tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Iná gbogbo àbẹ́là tẹ̀ sí apá kan, sí ibi tí Vlastimir sùn sí. Àwọn awakọ̀ wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín.

Ljubinka dìde. Ó gba àárín èrò kọjá, ó ti fèrèsé náà, ó fi ọwọ́ tẹ ìkọ́ rẹ̀ kó lè dájú. Iná àbẹ́là dúró ṣánṣán. Àlùfáà nu òógùn ojú rẹ̀, ó bá àdúrà lọ.

Ooru náà pọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣí i.